Òru Tí Mo Di Atọ̀sátùpà

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, délé wa n'Íbàdàn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ń ròyìn akọ àgbọ̀nrín kan tó máa ń wá mumi lẹ́yìn oko wọn lọ́nà Ìgbòho. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ní èmi náà ń bọ̀ wá sun ègùn. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọdẹ ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Má ṣáà fi lọ́fínńdà para wá."

Kí ẹnikẹ́ni má lọ fẹjọ́ wa sùn o: Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Àtijọ́, tó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ mọ ààlà rẹ̀ dáadáa, wọn kì í sì í sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ oko wọn la wà, létí kòtò omi tó ṣẹ́kù nínú odò tó ti gbẹ.

Ègùn tí mo ń fẹnu wá kiri já sí igi gbọọrọ mélòó kan tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ibi tí ẹ̀ka igi apá ti pín. Kò níbi tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì. Ọdẹ á kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ó máa ti ọ̀dọ̀ ẹran fẹ́ bọ̀ wá bá a, torí imú àgbọ̀nrín ò gba ẹ̀bẹ̀. Òru tí kò sóṣùpá ni wọ́n sì ń yàn. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀, ẹran á ti rí ọdẹ kí ọdẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, bí iná bá bá a lójú, ojú náà á dá iná padà, ẹran á dúró, á máa wò. Ìgbà yẹn nìbọn ń dún. Bàbá Ọdẹ ló ni ìbọn. Èmi ni mo niná.

Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì àfidérí kan láti Ìbàdàn. Ẹni tó tà á fún mi búra pé yóò tàn mọ́jú. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tó fi kú fin-ín. N kò fi ìyẹn ṣe àwàdà rárá: owó gidi ni mo san, ọkùnrin yẹn wò mí lójú kòrókòró, ó sì mọ̀ pé bátìrì inú rẹ̀ kò ju ti ohun ìṣeré ọmọdé lọ. Bí mo bá padà lọ bá a, á ní ọjà tóun ti tà, òun ò gbà á mọ́. Ṣé báyìí la ó ṣe máa ra nǹkan títí láé ni?

Bàbá Ọdẹ na ọwọ́ sínú àpò, wọ́n yọ àtùpà kábáìdì wọn, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ pátá lásán kiri àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó dùn mọ́ mi, ìyà tó fi jẹ mí kò ní kí n má sọ òótọ́. Agolo méjì ni, ọ̀kan gorí ọ̀kan. Inú ti ìsàlẹ̀ ni òkúta kábáìdì wà, inú ti òkè ni omi wà. Irin kékeré kan wà lórí tí à ń yí. Bí o bá rọra yí i, omi á máa kán tó, tó, tó, sórí òkúta. Òkúta á máa hó, á máa tú gáàsì asẹ́tílìnì jáde, èyí kan náà tí àwọn tó ń jó irin ń lò. Gáàsì á gba ihò tín-ín-rín kan jáde láàárín àwo dídán, o ṣá ìṣáná sí i, iná funfun gbòò. Gáàsì náà ń rùn bí aáyù. (Òkúta yìí kan náà ni àwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tipátipá, tí NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, ń pariwo pé kí wọ́n jáwọ́.) Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ò ju kí omi máa kán. Bí omi bá ya lu òkúta, gáàsì á pọ̀ ju ohun tí ihò lè gbà, á wá ọ̀nà míì jáde. "Má jẹ́ kómi pọ̀," ni wọ́n wí fún mi.

Ohun tí wọn ò wí ni pé omi inú ike tí wọ́n kì sínú àpò mi kì í ṣe tẹnu. Nígbà tí ebi dé lóru, mo ní gààrí, mo ní kúlíkúlí. Ẹ ti mọ ìyókù.

Òru ti jìn nígbà tí ewé gbígbẹ dún létí omi. Iná àtùpà tí mo fi fìlà ṣíji bò ń ṣẹ́jú, ó sì kú.

"Fún un lómi," Bàbá Ọdẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo mi ike. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Omi dà?"

"Mo fi mu gààrí ni, sà."

Wọ́n dákẹ́. Ó wù mí kí wọ́n bú mi. Omi ń bẹ nísàlẹ̀ wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àgbọ̀nrín pín in?

"Tọ̀ sí i."

"Sà?"

"Mo ní kí o tọ̀ sí i!"

Mo mọ̀ nísinsìnyí pé irú rẹ̀ ti wà látijọ́. Òkúta ò bèèrè ibi tómi ti wá. Mo dìde dúró lórí ègùn, mo fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka mú, mo fi ọwọ́ kejì tú okùn ṣòkòtò dìgò tí wọ́n yá mi, mo ń wá ojú ihò tí kò ju àtàǹpàkò lọ nínú òkùnkùn. Ìtọ̀ kọ̀, kò wá. Ẹ̀rù ti dì í. Ewé tún dún. Nígbà tó wá dé, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Àtùpà kún, ó ṣàn sílẹ̀, ó gba àárín igi ègùn, mo sì ń gbọ́ tó ń kán sórí nǹkan tí kì í ṣe igi.

"Ìbọn mi," ni Bàbá Ọdẹ wí.

Ìdààmú bá mi, mo yí irin àtùpà, mo yí i síbi tí kò yẹ. Abẹ́ rẹ̀ ń hó ṣùùù. Mo ṣá ìṣáná.

Bùúù! Iná gba ihò, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó gba irun ojú mi lọ. Gbogbo igbó mọ́lẹ̀ kedere. Àgbọ̀nrín náà rèé: ìwo lílọ́, àmì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wo ọkùnrin kan lórí igi tí ṣòkòtò rẹ̀ wà ní kókósẹ̀. Bàbá Ọdẹ fa ìbọn. Ó ró kẹ́. Ẹ̀tù ti mu ìtọ̀ yó. Ẹran náà gbó lẹ́ẹ̀kan, gbígbó tó fi ń kì ará rẹ̀ nílọ̀, ó rọra yí padà, kò tilẹ̀ sáré.

Òórùn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ: aáyù pẹ̀lú ìtọ̀ tí a sè.

Nígbà tí a dé abà láàárọ̀, àwọn ọdẹ kí wa, "Àrìnpa o!" Bàbá Ọdẹ ní kí wọ́n bi mí. Oòrùn ò tíì gbóná tí wọ́n fi fún mi lóríkì, Atọ̀sátùpà, oníjàálá kan sì ti fi í sínú ìjálá. Mo sanwó ẹ̀tù. Mo fi ọṣẹ fọ àtùpà títí, Bàbá Ọdẹ ò gbà á.

Wọ́n pè mí lórí fóònù lánàá. Òru tí kò bá tún sóṣùpá, àbúrò mi ni wọ́n fẹ́ mú lọ. Wọ́n ní kí n fi àpò píọ̀ wọ́tà kan ránṣẹ́, kí n sì jókòó sílé.