Orí Ń Fọ́ Kọ̀ǹpútà, Wọ́n Gbé Àdá Wá

Àwọn àgbà ló sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn àgbà ọ̀hún ò dé Computer Village n'Íkẹjà rí. Bí wọ́n bá gbé láptọ́ọ̀pù tó ń wọ́ ẹsẹ̀ dé òpópónà Otigba lónìí, wọ́n á rí i pé orí bíbẹ́ ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, tí wọ́n ń ṣe fírídọ́ọ̀mù lé lórí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọmọ iṣẹ́, ó ní àwọn tó ń dúró lójú títì tí wọ́n ń fa oníbàárà láṣọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ iṣẹ́ àṣekágbá gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sórí káńtà.

“Ẹńjìníà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, màá gbómi kaná, màá wẹ̀, màá dé, àmì róbótó yẹn á ṣì máa yí lójú ẹ̀.”

Ẹńjìníà ò jókòó. Ó fi ìka kan tẹ kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí.

“Mummy, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ wọnú. Àfi ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀.”

“Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ ní bákọ́ọ̀pù, àbí?”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Kò burú, Mummy. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá nírọ̀lẹ́.”

Fọ́ọ̀mátì yẹn ni orí bíbẹ́. Wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì rẹ́, wọ́n á to Windows tuntun sí i, ẹ̀rọ á sì máa sáré fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí ló dé tí kò ní sáré? Ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí kì í ráhùn ẹ̀fọ́rí mọ́. Lẹ́yìn náà ni oníǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó fa àìsàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí fíláàṣì kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. Kí ọdún tó yí po, ó ti tún di Ìkẹjà.

Mi ò bá ẹńjìníà jà o. Fọ́ọ̀mátì ní iye tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, wákàtí díẹ̀ sì ti tó o. Wíwá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ gan-an lè gba ìdajì ọjọ́. Bó bá wá rí i, tí gbogbo ohun tó ṣe kò ju pé ó pa nǹkan mẹ́ta lẹ́nu mọ́, ta ni yóò sanwó? “Kí lẹ ṣe gan-an?” ni oníbàárà á máa bi í. Ẹni tó bẹ́ orí là ń sanwó fún, torí a rí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó wò wá, tó ní ká lọ mumi ká sì sùn, a ò ka tiẹ̀ sí iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀, wíwò ọ̀hún ò le. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á yọ. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Startup sí. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ló ti wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ yín láràárọ̀ nìyẹn. Ẹ ó bá ètò príńtà tẹ́ ẹ ti tà níbẹ̀, ẹ ó bá géèmù tí ọmọ yín gbé sórí ẹ̀ kó tó lọ iléèwé gíga, ẹ ó bá ètò ìpàdé orí fídíò tí gbogbo wa lò nígbà Kòrónà, àti àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò bóyá àwọn ti gbó. Mo-gbọ́-mo-yà ni gbogbo wọn. Ẹ mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀ lóde ìnáwó: kò sẹ́ni tó fún un ní káàdì, síbẹ̀ òun ló ti jókòó sí tábìlì iwájú, tó ti ń béèrè ẹran, kí olóde tó wẹ̀ tán. Àwa fúnra wa la sì ṣílẹ̀kùn fún wọn, níjọ́ tí à ń tẹ Next, Next, Next láì ka ohun tí wọ́n kọ síwájú wa. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú Disable. Disable ò pa á, ó kàn ní kó dúró dìgbà tí wọ́n bá pè é ni. Èyí tó bá jẹ́ ti ààbò, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Kí là ń ṣe dípò èyí? Refresh ni. Ẹ wọ ọ́fíìsì èyíkéyìí, ẹ ó rí ọ̀gá tó wọ agbádá, tó ń tẹ ọ̀tún máòsì: Refresh, Refresh, Refresh, tí ètè ẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí Refresh yìí ń ṣe kò ju pé ó tún àwọn àmì tó wà lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù yà lọ. Kò tú RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, sílẹ̀, kò gbá ibì kankan. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ di alẹ́, ìka ló máa rẹ̀ wọ́n, ẹ̀rọ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yára.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀yà pé alaalẹ́ làwọn ń pa ẹ̀rọ tàwọn. Ẹ padà sínú Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Up time sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n pa lálẹ́ àná lè máa sọ níbẹ̀ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tóun ti wà lójúfò. Kò purọ́. Láti Windows 8 ni Microsoft ti fi Fast Startup sí i: bẹ́ ẹ bá tẹ Shut down, ọkàn Windows ò kú, ṣe ni wọ́n ń ká a pamọ́ sínú dísìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Wàhálà ìjẹta tó bá wà nínú ọkàn yẹn á sì jí pẹ̀lú ẹ̀. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Ibi tí wọn kì í bá ti í wo nǹkan, alágbo ò ní jìnnà síbẹ̀. Ní 1995, ọdún tí Windows 95 jáde, RAM wọ́n bí ojú. Ilé iṣẹ́ kan l'Amẹ́ríkà, Syncronys, gbé SoftRAM95 síta: ẹ fi sórí ẹ̀rọ yín, RAM yín á di ìlọ́po méjì, láì tú nátì kan. Èyí tí wọ́n tà lé ní 600,000. Ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì, c't, wá tú u palẹ̀, wọ́n rí i pé kò fi nǹkan kan kún RAM ẹnikẹ́ni. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, dá wọn lẹ́kun ní 1996.

Ẹ má rò pé ojú ti là látìgbà náà. Office Depot, ilé ìtajà ńlá l'Amẹ́ríkà kan náà, ní ètò kan nígbà kan tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò fún oníbàárà, wọ́n pè é ní PC Health Check. Kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé ó ti ń falẹ̀? Ṣé ó máa ń kú lójijì? Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. FTC ní bí oníbàárà bá ti lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, èsì ti jáde nìyẹn: wọ́n rí àmì àrùn, ẹ sanwó ìtọ́jú. Ohun tí ẹ̀rọ gbé sínú ò kan èsì. Ní 2019, Office Depot gbà láti san 25 mílíọ̀nù dọ́là, Support.com tó pèsè ètò náà fún wọn gbà láti san mílíọ̀nù 10. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ti SoftRAM lọ. Aláìsàn ní orí ń fọ́ òun, dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé orí ń fọ́ ẹ, ó sì gbowó àyẹ̀wò.

Kódà èyí tó ń gbálẹ̀ lóòótọ́ ò bọ́. Ní 2017, àwọn ọ̀daràn wọnú CCleaner, ètò tí àìmọye èèyàn fi ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, wọ́n fi májèlé tiwọn sí i, ẹ̀rọ tó gba ẹ̀dà yẹn sì tó 2.27 mílíọ̀nù kí wọ́n tó mú un kúrò. Windows sì ní ìgbálẹ̀ tiẹ̀ látilẹ̀: Settings, System, Storage. Ọ̀fẹ́ ni. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ ká gbà á gbọ́.

Ẹ tẹ Storage yẹn kẹ́ ẹ rí ohun tó jẹ dísìkì C tó fi pupa. Lọ́pọ̀ ìgbà, Downloads ni: fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, fídíò ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ò wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, òdòdó “Ẹ káàárọ̀, ẹbí rere” láti orí WhatsApp tí kò lónkà. Ẹ kó èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sórí háàdì dísìkì ìta, kẹ́ ẹ nu ìyókù.

Ti antivirus ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti 2012 ni Defender ti ń ṣiṣẹ́ antivirus nínú Windows. Bẹ́ ẹ bá kó méjì mìíràn tì í, ara wọn ni wọ́n á máa ṣọ́. Ẹni tó sì lọ gba ètò jíjí, tí ẹni tó jí i ní kó kọ́kọ́ pa antivirus ẹ̀ ná, tó sì pa á lóòótọ́, òun náà ló tún máa ń béèrè ibi tí fáírọ́ọ̀sì gbà wọlé.

Ó wá ku èyí tó tọ́ ká náwó lé. Niklaus Wirth, ọmọ Switzerland tó dá èdè Pascal sílẹ̀, ti kìlọ̀ ní 1995 yẹn kan náà pé ètò kọ̀ǹpútà ń yára falẹ̀ ju bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ọwọ́ wa, tí ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀n ti lò gbó, ló gbé háàdì dísìkì tó ń yí dé, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 níṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń yí ló ń wá fáìlì kiri. Windows òde òní ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí nínú Task Manager. Bó bá ń wà ní 100 nínú 100 ṣáá, tí CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, sì wà ní 5 tàbí 10, ẹ fi fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀, dísìkì ni. SSD, tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ń wọ ibi kan náà tí tàtijọ́ wà lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè da ohun gbogbo kọ láti orí tàtijọ́ sí tuntun láì fọ́ọ̀mátì ohunkóhun. Mo sọ ọ́ láì fòyà: kò sí ohun mìíràn tẹ́ ẹ lè rà fún ẹ̀rọ àgbà tó máa yà yín lẹ́nu tó o. Bí wọ́n bá fi sí i tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dífráàgì ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n tún àwọn fáìlì inú ẹ̀ tò. Háàdì dísìkì tó ń yí nìyẹn wúlò fún, ọjọ́ ayé SSD ló ń jẹ.

Bó bá jẹ́ pé Memory ló ń sún mọ́ 90 nígbà gbogbo, ẹ fi RAM kún un, láti 4GB sí 8GB. Àbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa ogójì táàbù Chrome tẹ́ ẹ ṣí kalẹ̀ ná. Èyí tẹ́ ẹ ṣí láti fi ka èsì ìbò 2023 ṣì ń jẹun níbẹ̀.

Ọyẹ́ náà ní tiẹ̀. Eruku ń dí ihò tí fáànù gbà ń fẹ́ ooru jáde, ẹni tó sì gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì ń fi fóòmù dí èyí tó kù. CPU tó bá gbóná jù á dẹ ìsáré fúnra ẹ̀ kó má bàa jóná. Ẹ pa á, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò yẹn.

Àdá tó tóbi jù kì í ṣe ti Otigba. Láti Redmond, olú ilé iṣẹ́ Microsoft l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti jù ú. Ní October 14, 2025, Microsoft ṣíwọ́ lára Windows 10. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn èròjà ààbò inú ẹ̀rọ, àti CPU tó bá wà nínú ìwé orúkọ tiwọn. Fún Intel, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìran kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ẹ̀rọ tí orí ò fọ́ rárá ṣe di ẹni àá bẹ́ lórí. Ẹ má tíì gbẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Linux Mint, tó lè rọ́pò Windows, RAM 4GB sì tó o lò. Ẹ lè tàn án láti orí fíláàṣì, kẹ́ ẹ lò ó wò, láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísìkì. ChromeOS Flex ti Google, tó jáde ní 2022, tó ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò kọjá íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tó ń fi CorelDRAW jẹun ò lè bá wa lọ o, torí kò sí ti Linux mọ́. Ní tiwọn, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò ọdún kan tí Microsoft ṣe fáwọn aráalé, tó dé October 2026, kí wọ́n sì máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀.

Ó ní ìgbà tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí háàdì dísìkì bá ti ń dún kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́, tí fáìlì tó ṣí láàárọ̀ ò ṣí lálẹ́ mọ́, ẹ fi Startup sílẹ̀, ẹ fi Storage sílẹ̀. Ẹ má pa á tàn, pa á tàn. Ẹ yá háàdì dísìkì ìta lọ́wọ́ ará ilé, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde lójú ẹsẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò lè tún rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó, ẹ jẹ́ kí fíìmù kẹ́yìn.