Ìdí Bẹ̀bẹ̀rẹ̀ àti Ìlẹ̀kẹ̀ Onílẹ̀kẹ̀

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà kò ṣòro láti túmọ̀: ti ẹni ni ẹni ń kọ́kọ́ tọ́jú. Òwe tó gbajúmọ̀ tó èyí lẹ́nu àwọn olóyè àti olóṣèlú kò pọ̀. Bí kọmíṣọ́nnà bá gba àbúrò ìyàwó rẹ̀ síṣẹ́, òun ni yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Bí alága káńsù bá gbé kọ́ńtíráàtì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà ni. Ibi tí wọ́n ti ń rú òwe náà jù ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀.

Òmùgọ̀ òde òní kò kọ òwe náà sílẹ̀, ìlàjì rẹ̀ ló ń pa mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lóòótọ́, kò sì ṣahun: ó so ó mọ́ ọrùn, ó so ó mọ́ ọwọ́, ó so ó mọ́ orí, ó tún so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ tí ìyàwó fi ń bojú. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni kì í ṣe ọmọ ilé. Ike ni. Yiwu nílẹ̀ Ṣáínà ló ti wá, ó gba ọjà Èkó kọjá, ó sì dé Minna lórúkọ iyùn orígínà. Bí wọ́n bá fi iná ìṣáná kàn án, yóò rùn bí ọ̀rá.

Ní Maikunkele, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bosso lẹ́bàá Minna, ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ilẹ̀ Gbagyi ni. Hausa, Nupe àti Yorùbá bá wọn gbé ibẹ̀, pápá ọkọ̀ òfurufú Minna kò sì jìnnà. Bí Yorùbá bá ń ṣe ìdána níbẹ̀ ní Sátidé, àlejò á ti Abuja, á ti Èkó dé pẹ̀lú gèlè àti aṣọ ẹbí. Alága ìjókòó á kí, alága ìdúró á dáhùn, òwe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ á sì jáde kí wọ́n tó ṣí lẹ́tà. Ìyàwó tí wọ́n ń pa á fún jókòó láàárín wọn, ike ló kún ọrùn rẹ̀, ẹlòmíràn tilẹ̀ háyà tirẹ̀ ni, ó ní láti dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Láti Minna sí Bida kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà àti díẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń fi iná rọ ìlẹ̀kẹ̀ wà láti ayé baba ńlá wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú ayẹyẹ náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ohun tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilẹ̀ yìí. Leo Frobenius ará Jámánì dé Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó sì bá ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, onímọ̀ ìwalẹ̀ Abidemi Babatunde Babalola padà walẹ̀ ní igbó náà, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì náà wò, kò bá ti Lárúbáwá mu, kò sì bá ti Yúróòpù mu. Àwọn ará Ifẹ̀ ló ń se é fúnra wọn láti inú ohun tí wọ́n ń rí ní àdúgbò, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú rẹ̀ ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao, ní orílẹ̀-èdè Mali. Ìdí ọmọ ẹlòmíràn ni ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ wà nígbà náà, owó ń wọlé, kò sì sí àgbà tó fi òwe bá Ifẹ̀ wí.

Ìlọrin ní lántánà tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí wọ́n ń gbẹ́, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ yùn títí yóò fi dán. Àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé ló gbé iṣẹ́ náà débẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tó yá, ayédèrú ti òkè òkun dé: ó pọ́n bíi ti gidi, ó dán bíi ti gidi, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Iṣẹ́ lántánà kò rí ìdajì ọ̀rúndún ogún kó tó kú. Àṣà ni láti di ẹ̀bi irú ikú bẹ́ẹ̀ ru òyìnbó, ṣùgbọ́n òyìnbó tà ni, kò fi ipá so ó mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹni tó yọ owó lápò ló pa á.

Kí ẹni tó ń kórìíra ohun àjèjì má tíì pàtẹ́wọ́. Iyùn tí ọba fi ń jẹ́ ọba, inú Òkun Mẹditaréníà ló ti wá, àwọn agbẹ́yùn Torre del Greco nílẹ̀ Ítálì sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ilé ẹni ọ̀hún kò mọ́ tó bí ó ṣe rò. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti wá kọ́ ni ẹjọ́ wà. Ó wà lórí ọwọ́ tó ṣe é, àti bóyá ẹni tó rà á mọ̀ pé ọwọ́ kan wà níbẹ̀ rárá.

Ọwọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Bida, ní agbo ilé àwọn Masaga, ìyẹn àwọn Nupe tó ń rọ gíláàsì. S. F. Nadel, tó gbé láàárín àwọn Nupe ní àwọn ọdún 1930, kọ nípa wọn nínú A Black Byzantium tó jáde ní 1942. Ìtàn àwọn fúnra wọn sọ pé ìlà oòrùn ni baba wọn ti gbé iṣẹ́ náà wá. Iléru amọ̀ wà láàárín ilé, igi ló ń jó nínú rẹ̀. Ẹnì kan á jókòó ti ẹwìrì, á máa fẹ́ná láìsinmi. Àwọn yòókù á jókòó yí iná ká. Àfọ́kù ìgò ni ohun èlò wọn. Ìgò bíà ló ń di ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀, ìgò oògùn aláwọ̀ aró náà kì í ṣòfò. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgò ọtí tí ẹlẹ́sìn ń sá fún lánàá ti di ẹ̀gbà ọwọ́ Alhaja lónìí, kò sì sí àlùfáà tó bínú sí i.

Ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń gbé gíláàsì tó ti yọ́. Wọ́n á máa yí i lójú iná, wọ́n á fa okùn gíláàsì tín-ínrín tó ní àwọ̀ mìíràn wé e lára, wọ́n á sì fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, wọ́n á wá máa yí i, wọ́n á máa fi irin kejì fẹ̀ ẹ́, títí ọwọ́ obìnrin yóò fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná bá pọ̀ jù, á wó. Bí iná bá kéré, á fọ́. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ooru náà, kò sí ẹ̀rọ kankan. Kò sì sí ẹ̀yọ méjì tó dọ́gba, èyí tí oníbàárà ọlọ́gbọ́n sábà máa ń kà sí àléébù.

Oníbàárà ọlọ́gbọ́n ọ̀hún ni ìṣòro. Á mú ẹ̀gbà ọwọ́ tó ti inú iná jáde, á yí i wò, á ní: “Ṣebí ìgò lásán ni?” Á dá ìdajì owó tí wọ́n pè, á sì bínú lọ bí wọn kò bá gbà. Ẹni yìí kan náà kì í dúró níwájú alágbẹ̀dẹ wúrà ní Dubai kó ní ṣebí iyẹ̀pẹ̀ lásán ni. Ní Bida, ohun tí wọ́n fi ṣe é ló fẹ́ san owó rẹ̀. Ní Dubai, ó ń san owó iná tó ń tàn lójú fèrèsé ìsọ̀.

Ìgò kan náà yìí ti di ọ̀rọ̀ ńlá lókè òkun. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó sú àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ kan nílẹ̀ Yúróòpù láti máa fi góòlù àti dáyámọ́ńdì díwọ̀n ẹwà. Láti 1959 ni wọ́n ti ń ṣe àfihàn ọdọọdún kan ní Munich tí wọ́n pè ní Schmuck. Ní 1967, Gijs Bakker àti Emmy van Leersum gbé ẹ̀gbà ọrùn gàgàrà tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe wọ Stedelijk Museum ní Amsterdam, àwọn ènìyàn sì wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ère. Bernhard Schobinger ará Siwisalandi ṣa àfọ́kù ìgò ní ìgboro Berlin ní àwọn ọdún 1980, ó sín in mọ́ okùn, ó di iṣẹ́ ọnà tí àwọn olówó ń kó pamọ́. Àwọn Masaga ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìgò ṣáájú rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń yọ́ ọ kó má baà gé ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Àṣìṣe wọn ni pé wọn kò gbé e kọ́ ara ògiri funfun, wọn kò sì lẹ ìwé àlàyé mọ́ ọn.

Nínú àwọn iṣẹ́ òyìnbó wọ̀nyí, èyí tó yẹ kí ará Ìpínlẹ̀ Niger lóye jù ni ti Otto Künzli, 1980. Ẹ̀gbà ọwọ́ rọ́bà dúdú ni, bọ́ọ̀lù góòlù kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Orúkọ tó fún un ni Góòlù Ń Fọ́ni Lójú. Ẹni tó rà á ní láti gbà gbọ́ pé góòlù wà níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ góòlù yí Minna ká ti wà nínú ìgbàgbọ́ yẹn tipẹ́: wọ́n ní ó wà, wọn kò rí i. Àwọn awakùsà ń wà á, àwọn alágbàtà ń kó o lọ, púpọ̀ nínú irú góòlù bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ń parí sí Dubai. Ìyàwó onílẹ̀ á wọkọ̀ òfurufú lọ rà á padà, á na ọrùn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé góòlù Dubai nìyí o, kì í ṣe ti ibí. Ohun tó ṣẹ́kù síbí kò ṣeé wọ̀ sọ́rùn. Ní 2015, májèlé òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ nítorí góòlù pa ọmọ 28 ní Shikira àti àwọn abúlé tó yí i ká, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi.

Àwọn tó ń ṣe àfihàn nílé náà ní ìpín tiwọn nínú ìwà òmùgọ̀ yìí. Wọ́n ń gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Abuja tàbí Èkó, wọ́n ń tan iná sí ọrùn ère ìfihàn aṣọ, wọ́n sì ń kọ ìwé pélébé sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ yìí ń ṣèwádìí gbòǹgbò, iṣẹ́ yìí ń bá àwọn ìyá ńlá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ńlá ọ̀hún yóò nílò ògbufọ̀, nítorí Yiwu ni wọ́n ti ra gbòǹgbò náà ní kìlókìlò. Bí ẹ̀yọ Bida kan bá tilẹ̀ ṣèèṣì wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó sín in ló máa wà lára ìwé. Ẹni tó jókòó ti iná kò lórúkọ. Ẹ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní ẹ̀gbà Bida nínú ohun ìní rẹ̀: òun náà sábà máa ń kọ orúkọ ìlú sílẹ̀, kì í kọ ti ènìyàn. Ẹni tí ń sọ pé òyìnbó jí iṣẹ́ wa kò yẹ kó jí orúkọ mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ṣe é re. Jimoh Buraimoh, tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1943, ń tan iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kó tó di pé ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán sórí pátákó. Ibi tí Yorùbá ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe adé ló ti mú un. Àwọn Krobo ní Ghana ń lọ ìgò kúnná, wọ́n ń dà á sínú amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, wọ́n ń ki igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀ kó lè jóná kúrò kó sì fi ojú ihò sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò kú nítorí pé àwọn ọmọbìnrin wọn kò lè ṣe dipo, ìyẹn ayẹyẹ ìbàlágà wọn, láìsí ìlẹ̀kẹ̀. Ilé ni ọjà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wulẹ̀ bá a níbẹ̀ ni. Emefa Cole, ọmọ Ghana tó ń rọ ohun ọ̀ṣọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ní iṣẹ́ nínú Victoria and Albert Museum, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ìyàtọ̀ Krobo sí Bida ló yẹ kí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ní Maikunkele rò. Kò sí ayẹyẹ kankan lágbègbè náà tó sọ ìlẹ̀kẹ̀ Masaga di dandan, Nupe, Gbagyi àti Yorùbá ló sì pín ẹ̀bi yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé náà mọ ohun tí wọ́n lè rí lórí ọ̀kadà lójúmọ́, wọ́n mọ ohun tí ẹwìrì ń mú wọlé, wọ́n sì mọ ìṣírò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ̀yin alága méjèèjì, kí ẹ tó pa òwe náà ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Bida. Ẹ ra okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan, ẹ má ná an já ìdajì, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò ayẹyẹ náà lábẹ́ orúkọ ẹni tó se ìrẹsì.