Bàbá Lákúnlé

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún yín rí pé Lákúnlé ló fẹ́ Sídì gbẹ̀yìn nínú eré The Lion and the Jewel, ẹ má bá a jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń pín irọ́ náà kiri láìmọ̀ pé irọ́ ni. Mo sọ ọ́ lóde ìyàwó, mo sọ ọ́ nídìí ẹmu, mo sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà tí mo ń dẹnu kọ ọ́, pé kó wo tísà lásánlàsàn tó gba ọmọge lọ́wọ́ Baálẹ̀ Bàrókà tòun ti gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà fún mi. A ti ṣègbéyàwó, a ti bímọ tán, kí kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wá tú àṣírí mi.

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ti gbogbo iléèwé pa nítorí kòrónà. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin wà ní SS2 nígbà náà. Kò pẹ́ tí iléèwé rẹ̀ fi ránṣẹ́ pé àwọn yóò máa kọ́ wọn ní English àti Lítíréṣọ̀ lórí Zoom, pé iṣẹ́ àmúrelé yóò máa gba orí WhatsApp wọlé. Nínú ìwé tí WAEC yàn fún àwọn tí yóò ṣèdánwò ní 2021 ni eré Wọlé Ṣóyínká yìí wà, òun àti A Midsummer Night's Dream ti Shakespeare. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ti Shakespeare, mo sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n ti Ṣóyínká! Ìbàdàn wa níbí ni wọ́n ti ṣe é lórí ìtàgé ní 1959, ọdún mẹ́rin kó tó di ìwé títẹ̀. Ta ni yóò wá máa kọ́ ọmọ mi ní eré tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, tí èmi ọmọ Ìbàdàn yóò máa wòran? Mo fi ara mi joyè igbákejì tísà. Kò sẹ́ni tó yàn mí.

Fóònù ọmọ náà ti fọ́ lójú, tèmi la lò. Mo ti gbàgbé pé lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ ṣèpàdé lórí Zoom, “Ọ̀gá Pátápátá” ni mo kọ síbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ sí. Tísà wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n tí kì í gba ìgbàkugbà, bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó dé orí tiwa, ó dákẹ́ díẹ̀. “Ọ̀gá Pátápátá, ṣé ẹ wà ní kíláàsì?” Ẹ̀rín sọ. Ọmọ mi doríkodò sórí tábìlì. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i.” Mi ò mọ bí wọ́n ti ń yí i. Orúkọ náà la jẹ́ títí kíláàsì fi parí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ìwé náà ni mo wá ba nǹkan jẹ́ gan-an. Mo jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí mi, nínú ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, kí n lè máa ta ọmọ létí bí ìbéèrè bá le. Tísà ní ta ló lè sọ bí eré náà ṣe parí, kó sì sọ ohun tí ìparí ọ̀hún fi hàn nípa ọ̀làjú àti àṣà. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo yọrí, mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ọmọ pé Lákúnlé fẹ́ Sídì láìsan kọ́bọ̀ lówó orí, pé ọ̀làjú ló borí.

Makirofóònù wà ní ṣíṣí. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tèmi náà kì í sì í ṣe bíi ti ẹlòmíràn. Ìyá tó bí mi, apolówó ọjà ni.

“Àǹtí, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Ọ̀gá Pátápátá,” ọmọkùnrin kan wí.

Òmíràn ní, “Kò tiẹ̀ gbà á. Bàrókà ni Sídì fẹ́.”

Inú bí mi. Mo jáde síwájú kámẹ́rà tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, mo sọ fún wọn pé kí ìyá wọn tó lóyún wọn ni mo ti ka ìwé yẹn. Tísà kò bínú. Ó ní, “Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa ṣí apá tí wọ́n pè ní Night.”

Ibẹ̀ lẹ́nu mi ti wọhò. Eré náà pín sí mẹ́ta: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹ̀dà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Dùgbẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún kò ní alẹ́. Ẹlẹ́pà kan ti fà á ya, ó ti fi pọ́n ẹ̀pà kó tó dé ọwọ́ mi. Níbi tí ìwé tèmi parí sí, Bàrókà ń sọ fún Sàdíkù, ìyálé rẹ̀, pé agbára ọkùnrin ti tán lára òun. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí Baálẹ̀ ẹni ọdún 62 bá ti jẹ́wọ́ irú èyí, ta ló kù tí yóò fẹ́ ọmọge bí kò ṣe tísà? Mo fi làákàyè parí eré náà fúnra mi. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni bàbá àgbà ń purọ́ fún ìyálé rẹ̀, pé irọ́ yẹn gan-an ni yóò fa Sídì wọ ilé rẹ̀ láti lọ fi í ṣẹ̀sín, tí kò sì ní jáde bó ṣe wọlé. Ìyàwó mi, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíṣínì, yọjú, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀hẹ́n.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà làwọn ọmọ kíláàsì ti ń pè mí ní Bàbá Lákúnlé. Mo rò pé nítorí ẹjọ́ tí mo bá a rò ni.

Àṣìṣe mi kò mọ síbẹ̀. Ti dátà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Zoom ọ̀fẹ́ kì í kọjá 40 ìṣẹ́jú kó tó já. Àwọn ọmọ mọ̀. Wọn yóò kàn tún wọlé ni. Èmi rò pé dátà ló tán. Mo ra òmíràn, ó tún já, mo bá pe àwọn oníléeṣẹ́ fóònù, mo sì sọ ohun tí mi ò lè tún sọ níbí. Ọmọdébìnrin tó gbé ìpè náà kàn ń sọ ṣáá pé kí n má bínú, pé dátà mi wà níbẹ̀ digbí.

Ti WhatsApp ló burú. Ọ̀rẹ́ mi kan béèrè bí kíláàsì ṣe ń lọ. Mo gba ohùn sílẹ̀ fún un pé ọmọ àná ni tísà náà, pé bí kì í bá ṣe kòrónà ni, èmi ni ǹ bá máa kọ́ òun alára. Orí WhatsApp kíláàsì ni mo fi sí. Nígbà tí mo rí i, mo sáré pa á rẹ́. Ọ̀nà méjì ni WhatsApp sì fi sílẹ̀ fún irú wa: kó parẹ́ lójú tìrẹ nìkan, tàbí kó parẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Mo tẹ ti àkọ́kọ́. Ó pòórá, mo mí kanlẹ̀, mo lọ jẹ àmàlà. Mi ò tíì fọwọ́ tán tí tísà fi dáhùn: “A ti gbọ́ yín sà. A dúpẹ́.”

Iṣẹ́ àmúrelé ni mo fẹ́ fi tún orúkọ ara mi ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa pàǹtírí tó kún àdúgbò. Ọmọ mi kọ tirẹ̀, mo sì kà á: gọ́tà tó dí, ìyá alákàrà tó kó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ nítorí eṣinṣin, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí alága ṣe sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ̀. Mo ní, “Ṣé gírámà tí mo ń sanwó fún nìyí?” Mo ní kó lọ sùn, mo jókòó kọ òmíràn lórúkọ rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kí alága bí ọmọ tó mọ ilé. Mo béèrè àlàáfíà rẹ̀, ti ìyàwó àti ti ọmọ, mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà mo wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí jáde, bí ẹni ń sá aṣọ àríyá sóòrùn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gba ojú fóònù tán kó tó rí àmì ìdánudúró. Níbi tí mo ti kọ Bódìjà, fóònù ní òun kò mọ ibẹ̀, ó fi “bodies” rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà mi ṣe sọ fún alága pé òkú ènìyàn ti kún dé ojú títì, kó tètè wá kó wọn. Mo fi Yours faithfully parí rẹ̀, mo tún fi Yours sincerely sí i lábẹ́ kí ọ̀wọ̀ lè pé. Mi ò fi àdírẹ́sì alága sí i. Ta ni kò mọ ibi tí káńsù wà?

Bí WAEC ṣe ń máàkì ni tísà wọn ń tẹ̀ lé. 50 ni gbogbo rẹ̀: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún ṣípẹ́lì, gírámà àti àmì. Nínú 10 tó gbẹ̀yìn yìí, àṣìṣe kan, ìdajì máàkì lọ. Òdo ni mo gbà níbẹ̀, tísà sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé òun dẹ́kun kíkà nígbà tí àṣìṣe pé 20. Lápapọ̀ mo gba 14. Ó wá fi inki pupa béèrè nísàlẹ̀ pé, “Ṣé Lákúnlé ló kọ èyí?”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó gba ẹ̀dà ọmọ mi, tí mo sì fara balẹ̀ ka ọkùnrin ọ̀hún: tísà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 23, nínú kóòtù òyìnbó àtijọ́ tó fún un, tó ń da gírámà lé ọmọge lórí nígbà tó jẹ́ pé owó orí lásán ni ọmọge ń béèrè. Mo rí ohun táwọn ọmọ kíláàsì ti rí.

Ọmọ mi kò sì sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo ní kó lọ sùn. Ó ti fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn tèmi, ó sì bẹ tísà pé kó jọ̀wọ́ ka èyí. Ó gba 34.

Kòrónà sún ìdánwò wọn síwájú. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni WAEC tó bẹ̀rẹ̀. B3 ló gbà ní English, ó gba A1 ní Lítíréṣọ̀. Mi ò bá a kọ ọ̀kankan níbẹ̀.