Ẹ Kú Ìwòkè, Ẹ̀yin Onídííṣì Onípanu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀ ní Onípanu, kó má wulẹ̀ gbójú sókè. Kó tẹ́tí sí ojúlé kejì. Tó bá ti gbọ́ tí bàbá kan pariwo pé "Ó tún ti lọ!", kó yáa sáré lọ ká aṣọ tó sá sórí okùn. Òjò ọ̀hún kò tíì dé Fadéyì nígbà náà o. Ìkùukùu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ lókè Ìgbóbì ni, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti mọ̀. Ojú rẹ̀ á ṣú, á gbé E48-32 síta, ọmọdé tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B nínú ilé náà á sì kà á fún yín láìkọsẹ̀.

Ẹ̀yin onídííṣì àdúgbò wa, mo kí yín. N kò mọ ẹlòmíì tó ń sanwó lóṣooṣù kó tó lè rí òjò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣàánú àwòrán náà fúnra rẹ̀. Lára sátẹ́láìtì tó dúró sókè níhà ìlà oòrùn Áfíríkà ló ti ń bọ̀, ìrìn nǹkan bíi 36,000 kìlómítà. Kò bá LASTMA pàdé lọ́nà, kò sí agbèrò níbẹ̀. Ó wá ku bíi kìlómítà márùn-ún kó bọ́ sínú dííṣì, omi òjò dá a dúró. Àfi bí ẹni tó wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù láìsí ewu kankan, tó wá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ọjọ́ta títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbì tí wọ́n fi ń gbé àwòrán náà ló kúrú: kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, irú rẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kán òjò ńlá máa ń gbé mì. Èkó lẹ ń gbé, ẹ mọ bí òjò oṣù Kẹfà ṣe ń ṣe níbí, síbẹ̀ ẹ gbé abọ́ sórí òrùlé, ẹ kọjú rẹ̀ sókè, ẹ ní kó má gba omi.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń so ó gan-an leré. Ọmọ ọjà Alábà tó wá so dííṣì á wà lórí páànù, bàbá ilé á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyá ilé á wà ní pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Mọ̀mí, ṣé ó ti wọlé?"

"Kí ló wí?"

"Ó ní ṣé ó ti wọlé!"

"Ta ló wọlé?"

"Ẹ wo quality ẹ̀ fún mi, mélòó ló wà?"

"Ó wà ní ogójì... ó ti di ọgọ́ta... ó ti dáa! Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó kúrò lẹ́nu ìyàwó, kó dé etí ọkọ, kí ọkọ tó kígbe rẹ̀ sókè, ọmọ Alábà ti fún dííṣì ní ìtì kan sí i, kó lè dáa ju bó ṣe dáa lọ. "Ó ti lọ o!" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Láńdílọ́ọ̀dù tó ti ń gbọ́ bí páànù rẹ̀ ṣe ń ké lábẹ́ bàtà á jáde tòun ti ẹ̀wù àwọ̀sùn: "Kó sọ̀kalẹ̀! Mo ní kó sọ̀kalẹ̀! Ihò tó bá lu síbẹ̀ lòjò máa gbà wọlé!" Òótọ́ ló sì sọ. Láti ọjọ́ náà, òjò tí kì í jẹ́ kí àwòrán wọlé á máa gba ojú ìṣó dííṣì wọlé fúnra rẹ̀, wọ́n á gbé báńbù sáàárín pálọ̀, wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á máa wò ó. Ó kéré tán, ìyẹn ń ṣiṣẹ́.

Ìran ayáńtẹ́nà ni wá tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Látìgbà tí tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 la ti ń rán ọmọkùnrin síta lọ yí ọ̀pá. Nígbà tó wá di 2007, ilé-iṣẹ́ onídííṣì kan, HiTV, gba bọ́ọ̀lù Premier League lọ́wọ́ DStv, gbogbo ọkùnrin Ṣómólú sì sáré lọ ra dẹ̀kódà tuntun. Ẹ gbọ́ èébú tí wọ́n bú DStv lọ́dún náà! Wọ́n ní ọ̀yájú ni wọ́n, wọ́n ní Ọlọ́run ti mú wọn. Ní 2010, bọ́ọ̀lù padà sọ́wọ́ DStv. Ọdún tó tẹ̀ lé e, HiTV kógbá sílé. Àwọn ẹlẹ́nu ọ̀hún náà ló tún tò níwájú káńtà, tí wọ́n fi fìlà bojú. Mo ṣì mọ ilé tí wọ́n ti ń fi dẹ̀kódà HiTV ti ilẹ̀kùn, ó sì wúwo dáadáa fún iṣẹ́ náà.

Ọdún 2011 yẹn kan náà ni GOtv dé, tí áńtẹ́nà tún di ọ̀ṣọ́ ojú fèrèsé. Ìjọba náà ní òun ò ní gbẹ́yìn, pé kí gbogbo ilé fi ẹ̀rọ kékeré gba àwòrán tó mọ́ kedere látinú áńtẹ́nà lásán. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2015 ni àwọn tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ náà lágbàáyé dá fún wa. Èkó rí ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2021. Ẹ má bínú sí ìjọba. Ó jọ pé orí afárá Third Mainland ló gbà wá.

Ọ̀rọ̀ owó ni mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lé lórí, nítorí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù Kẹta 2025, Premium ti DStv gbéra láti ₦37,000 sí ₦44,500, Compact kúrò ní ₦15,700, ó di ₦19,000. Lóṣù náà ni mo rí bàbá kan tó máa ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ò lè wo ohun tí kì í bá ṣe HD. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé ibùdó ìwòran bọ́ọ̀lù, ó na ọrùn wọlé láàárín irin méjì, ó ń wo ọ̀fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan kò tiẹ̀ dúró de owó yẹn. Òun ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí.

Atẹ̀wé ni ẹ̀gbọ́n yìí, ní Ṣómólú níbí. Ẹ sì mọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú: bí pupa orí káàdì ìgbéyàwó bá fi bíńtín yà kúrò lójú ìlà, wọn ò ní sùn. Bí ẹ bá gbé fọ́tò màmá yín tó dolóògbé lọ látorí WhatsApp, pé kí wọ́n fi ṣe báńà ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n á bọ́ awò ojú rẹ̀, á wò yín bí ẹni tó bú u. "Fọ́tò kékeré yìí lẹ fẹ́ kí n fẹ̀ tó báyìí? Á fọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí màmá dé ọ̀run tán kí wọ́n má dá wọn mọ̀ ni?" Ẹni tó mọ àwòrán nìyẹn.

Ẹ wá tẹ̀ lé e délé. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri, ìlẹ̀mọ́ "Full HD" tí wọ́n fi tà á ṣì wà létí rẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára rìmóòtù kí ìdọ̀tí má baà kàn án. Ó ń sanwó HD, kì í pa oṣù kan jẹ. Bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀, èèyàn mọ́kànlélógún ni yóò máa sáré kiri bí òjìji, ìkejìlélógún á sọnù sínú koríko. Ẹ ò lè mọ nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn. Àwọ̀ ojú Osimhen àti ti rẹfirí kò yàtọ̀. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, á ní dííṣì ni, òjò ni, sátẹ́láìtì ti darúgbó. Nígbà tí 2023 ń parí lọ, ó ní òun ti ṣe tán, òun ń lọ sórí wáyà.

Wáyà fáíbà íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń wí. Òwú dígí ni, kò nípọn ju irun orí lọ, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú òjò. Láńdílọ́ọ̀dù tó bú dííṣì lọ́jọ́sí tún jáde. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá rí òun kí ohunkóhun tó gba ara ọgbà òun kọjá, àti pé àwọn wáyà báyìí máa ń fa iná mítà prepaid èèyàn ní òru. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé dígí ni. Ó ní gíláàsì fèrèsé òun náà dígí ni, ẹnikẹ́ni kò sì fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n rí i. Wáyà kọjá.

Wáyà náà ní ọ̀tá tirẹ̀ o, ẹ má rò pé ọ̀run ló dé. Kò bẹ̀rù ojú sánmà, ọkọ́ ló ń bẹ̀rù. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ní 2024 pé dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè ni irú wáyà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá bà á jẹ́ dáràn. Àmọ́ ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà ní Bàríga kò ka ìwé ìròyìn ìjọba kó tó gbé ọkọ́ sókè.

Ọjọ́ tí ọmọkùnrin tó wá so wáyà ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yọ dẹ̀kódà àtijọ́ kúrò ni gbogbo ẹ̀ tú. Ó tẹ orí sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rín ló gbé jáde. Okùn olórí mẹ́ta ló bá níbẹ̀: yẹ́lò, pupa, funfun, irú èyí tí a fi ń wo fíìmù láyé VCD. Ẹ̀yin ará, okùn yẹn kò lè gbé HD, bó ti wù kí ẹ sanwó tó. Ìlà 1080 ni dẹ̀kódà ń gbà wọlé, ìlà 576 péré ni okùn yẹn ń gbé dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìyókù ń ṣòfò sẹ́yìn ògiri. Okùn HDMI tó bá dẹ̀kódà wá ńkọ́? Ó wà lábẹ́ ibùsùn, nínú páálí, a ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun fi pamọ́ ni kó má baà bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó ń bá oníbàárà jà lórí fọ́tò WhatsApp ti fi owó ara rẹ̀ wo fọ́tò WhatsApp fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó tún ti san owó wáyà tuntun kó lè bọ́ lọ́wọ́ okùn kan. Mo ní kó gba owó rẹ̀ padà, kó so HDMI, kó jókòó. Ó ní àgbà kì í padà sẹ́yìn. Mo rántí àwọn ará HiTV, mo dákẹ́.

Lóòótọ́, àwòrán orí wáyà mọ́. Ẹ lè ka irùngbọ̀n Troost-Ekong ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó máa ń pẹ́ dé. Áàpù tí wọ́n fi ń wò ó á kọ́kọ́ kó àwòrán jọ ná, á gé e sí wẹ́wẹ́, kó tó fi ránṣẹ́, ẹ ó sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Fún eré orí ìtàgé, kò burú. Fún bọ́ọ̀lù, ní Onípanu, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti yọ̀ láìpariwo!

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2024 ni ẹ̀gbọ́n jẹ ìyà yẹn. Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà, ìdíje AFCON, ní Bouaké. A ti ń fi ẹyọ kan lé wọn, ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Rédíò ọmọkùnrin tó ń lẹ táyà ló kọ́kọ́ dún nísàlẹ̀. Àwọn onídííṣì gbè é ní kíá: "Góòòlù!" Lójú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló gbé bọ́ọ̀lù dání nínú bọ́ọ̀kìsì tiwa. Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ àga, ó ní wọ́n ti dáyò padà! Ó pẹ́ kí Osimhen tó dé, kó tó gbá a wọlé. Ẹ̀gbọ́n fò sókè, ó ń jó, ó yọrí síta lójú fèrèsé, ó ń kígbe. Ó bá gbogbo àdúgbò ní ìdákẹ́rọ́rọ́, ọwọ́ lórí. VAR ti dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń yọ̀ ní gbogbo Onípanu fún góòlù tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n sì ń sọ di pẹ́nárítì fún wọn. Nígbà tí àdúgbò pariwo "Yéè!", Mokoena tó fẹ́ gbá a fún wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù nílé wa.

Ó parí sí ọ̀kan-ọ̀kan, ó di pẹ́nárítì lẹ́yìn àfikún àkókò. Nwabali, gólì wa, mú méjì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni igbe ìta sọ fún wa kó tó fò. Ẹ̀gbọ́n ní kí a ti fèrèsé. A tì í. Ooru mú. Igbe gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tó ku Iheanacho nìkan, ẹ̀gbọ́n kò wí nǹkan kan, ó wọ bàtà, ó sáré bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró ti rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ká tó ṣẹ́jú, ariwo sọ, ó sì ti sáré gun àtẹ̀gùn padà, òógùn bò ó, ó ń pariwo pé a ti borí, a ti wọ fáínà!

Ìyàwó rẹ̀ kò yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ jókòó, Bàbá Ìbejì," ló wí. "Tiwa ò tíì gbá a."