Ẹ Kú Ọdún o, Ẹ̀yin Aláìníbíréèkì

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ New York, mo kí i yín o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tí ẹ ká sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. A gbọ́ pé ẹ ní ọdún sinimá tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀gá òṣèré nínú gbogbo fíìmù ibẹ̀. Bicycle Film Festival lẹ pè é. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú, kó gun tirẹ̀ máa lọ.

Ẹ tiẹ̀ wo bí ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Brendt Barbur ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ ní New York, bọ́ọ̀sì gbá a. Ká ní ọmọ tiwa ni, ẹbí á ti pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn: ìyá á máa sunkún, àbúrò bàbá á ní kí wọ́n ta kẹ̀kẹ́ náà kíá, pásítọ̀ á kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Barbur ní tirẹ̀ lọ dá ọdún sinimá sílẹ̀ ní 2001. Ọdún ọ̀hún ò sì jókòó sójú kan, ó ti dé London, ó ti dé Tokyo. Bọ́ọ̀sì lásán ló fa gbogbo èyí o! Ká ní tírélà ló gbá a, ì bá ti dá yunifásítì sílẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ yín gan-an ló kàn. Mo wò ó síwájú, mo wò ó sẹ́yìn: kò ní agogo, kò ní mọ́gáàdì, jíà ẹyọ kan ló ní, bíréèkì ò sí níbẹ̀ rárá. Fixed gear lẹ ń pè é. Pẹ́dàlì rẹ̀ so mọ́ táyà ẹ̀yìn. Bí táyà bá ṣì ń yí, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, itan rẹ̀ ni yóò fi dúró. Èyí náà lẹ wá ń ra lówó gọbọi! Ọjà wo ni wọ́n ti ń bu owó lé ohun tí wọ́n ti yọ kúrò? Bí wọ́n bá yọ ìjókòó náà, ṣé ẹ ò ní lọ yáwó ní báńkì?

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn fíìmù tí ẹ fi ń yangàn. Ní Quicksilver, ti 1986, Kevin Bacon pàdánù owó rẹ̀ nídìí òwò ìpín ìdókòwò, ló bá di ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ kiri. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ tún ń fi kẹ̀kẹ́ dárà nínú ilé, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ń jó ballet lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó ilé ńkọ́, arákùnrin?

Ti Premium Rush, tó jáde ní 2012, ló le jù. Joseph Gordon-Levitt gbé àpòòwé kan ṣoṣo, ó ń sáré àsápajúdé la Manhattan já, bíréèkì ò sí. Níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, ó lọ fara sọ gíláàsì ẹ̀yìn takisí, ojú 31 ni wọ́n rán sí i lápá. Wọ́n tún fi ẹ̀jẹ̀ náà hàn wá níparí fíìmù, ká lè mọ̀ pé àwọn ò purọ́.

Dave, ọmọ Bloomington ní Indiana, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, nínú Breaking Away ti 1979. Kò dé Ítálì rí, ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ítálì, ó sọ ológbò ilé ní Fellini. Bàbá rẹ̀ tó ń ta ọkọ̀ àlòkù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ìgbà tí àwọn ará Ítálì gidi dé láti bá a díje, wọ́n ki pọ́ńpù bọ táyà rẹ̀, ó ṣubú. Ọjọ́ náà ni Ítálì kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, fíìmù kan wà tí ẹ̀fẹ̀ mi ò ràn. Bicycle Thieves ni, tí Vittorio De Sica ṣe ní Róòmù ní 1948. Antonio rí iṣẹ́ lílẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri, wọ́n ní àfi kó ní kẹ̀kẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì wọn lọ fi dógò kí wọ́n lè gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti wà ní ìdógò padà. Ọjọ́ kìíní tó dé ibi iṣẹ́, olè gbé e lọ. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ oúnjẹ fún, bíréèkì kọ́ ló máa rò láti yọ.

Irú Antonio ṣì ń bẹ ní New York yín: àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, nínú òjò, nínú yìnyín. Olè ń jí kẹ̀kẹ́ tiwọn náà. Nígbà tí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́ fún kẹ̀kẹ́ nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó gbé písà yín wá ń ṣọ́ tirẹ̀ níta. Òun gan-an ló ni ọdún. Ẹ pè é wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fún un ní ìjókòó iwájú, ẹ bá a ṣọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ọdún bá sì parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi bíréèkì sí tiyín.