Mo Kúnlẹ̀ fún Àká

Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rin Camino Inglés láti èbúté Ferrol ní Sípéènì dé Santiago de Compostela, níbi tí wọ́n gbà pé ibojì Jákọ́bù Àpósítélì wà, aṣọ díẹ̀, aṣọ òjò àti bàtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó o. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 120 kìlómítà. Èmi gbé gààrí. Mo gbé agbádá aṣọ òkè pẹ̀lú fìlà, nítorí fọ́tò tí n óò yà níwájú kàtídírà. Bàtà mi ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbéra ni mo yọ ọ́ nínú páálí.

Ẹ̀bá omi tẹ́jú títí dé Neda, ni mo bá ń yan fanda. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Ireland á wọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ síhìn-ín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn; mo ní bí àwọn yẹn bá rìn ín, kí ni yóò dá ọmọ Yorùbá dúró? Òkè Pontedeume ló dá mi lóhùn. Àárín ìlú gan-an lọ̀nà ti dìde bí àkàbà, èmi àti gààrí ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọfà aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n kùn sára ògiri àti òkúta láti júwe ọ̀nà. Èmi ò wo ọfà. Ọkùnrin kan tó gbé báàgì sẹ́yìn ni mo tẹ̀ lé, títí ó fi yọ kọ́kọ́rọ́ síta. Ilé rẹ̀ ló ń lọ.

Ní Betanzos, òtútù mú, mo sì fi agbádá bora nílé àwọn arìnrìn-àjò. Obìnrin kan láti Kòríà bi mí bóyá bíṣọ́ọ̀bù ni mí. N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́; mo kàn gbọ́wọ́ sókè díẹ̀.

Lẹ́yìn ibẹ̀, a kẹ́yìn sí omi pátápátá, ó ku oko, màlúù àti òjò. Lẹ́bàá ilé kan ni mo ti rí àpótí òkúta gbọọrọ lórí ọ̀pó, àgbélébùú lórí òrùlé rẹ̀. Ibojì ẹni mímọ́ rèé! Bíṣọ́ọ̀bù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbàdúrà fún mọ̀lẹ́bí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan gbé apẹ̀rẹ̀ dé, ó rọra dúró títí mo fi ṣàmín, ó wá ṣí ibojì náà, ó kó àgbàdo jáde.

Àká ni! Hórreo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: wọ́n gbé e sórí ọ̀pó nítorí eku, wọ́n dá àlàfo sí i lára kí atẹ́gùn lè gbẹ àgbàdo. Èmi tí àká bàbá bàbá mi wà lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń rán wọ inú rẹ̀ ní kékeré! Màmá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi pe ọkọ rẹ̀. Bàbá fọwọ́ júwe pé kí n tún kúnlẹ̀, kí òun lè ya fọ́tò. Mo kúnlẹ̀. Dídìde ló wá di ogun. Àwọn méjèèjì ló fà mí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.