Àgbájọ Ọwọ́, Àyà Ta Ni?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó na ìka kan ṣoṣo, kó fi gbá ara rẹ̀ láyà, kó wá wò ó bóyá ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́. Òwe náà kò díjú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà sí i ni mo ń rí i pé àwọn baba wa fi nǹkan kan sílẹ̀ láìsọ. Wọ́n sọ bí a ṣe ń kó ọwọ́ jọ, wọn ò sọ àyà ẹni tí ọwọ́ náà yóò bà. Bóyá wọ́n rò pé kò lè sí òmùgọ̀ tí yóò kó ọwọ́ ara rẹ̀ jọ kí ẹlòmíì lè fi sọ̀yà. Wọn ò bá ìpolongo ìbò ayé òde òní pàdé ni.

Ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn, tiransifọ́mà jó, a sì wà nínú òkùnkùn fún ọdún kan ààbọ̀. A kọ̀wé títí, gègé gbẹ. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ onílé jókòó, a dá 60,000 náírà lójúlé, ilé mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Bàbá Tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni akápò. Ẹ bá mi wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn: orúkọ, ọjọ́, iye, ibi ìbọwọ́lùwé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi rúlà fà láìwọ́. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n rà fún àwọn tó wá gbé ẹ̀rọ náà sórí kọnkéré wà níbẹ̀, 200 náírà. Ọjọ́ tí iná dé, àwọn ọmọdé ké “Áàpù Nẹ́pà!” títí ohùn fi há wọn. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ a jí, a bá fúlẹ́ẹ̀sì gbàǹgbà kan lára ọgbà tiransifọ́mà. Họnọ́rébù kan ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ó na àtàǹpàkò sókè. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé gbogbo àwa ará àdúgbò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iná tó fún wa. Ìyá elélùbọ́ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kò mọ̀wé. Mo kà á fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Bàbá Tóbi, ìgbà wo la dúpẹ́?”

Ọwọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló jọ, àyà ẹnìkan ló dún.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi náà ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó ìpolongo sí ọ̀nà ọ̀nà. Nígbà tí ìbò 2023 ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹnìkan tó ń du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, nítorí wọ́n ní mo mọ ọ̀rọ̀ í tò. Ìrẹsì wà, ẹran wà. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní dàrẹ́kítọ̀ dìde, ó ka ohun tí a fẹ́ ṣe: póṣítà láti Ṣómólú, fìlà, áńkárá, ìrẹsì kílò méjì méjì tí ojú ọ̀gá wà lára ọ̀rá rẹ̀, jíńgù lórí rédíò, àti pátákó ńlá mẹ́rin. Mo béèrè ibi tí pátákó á wà. Ó ní ọ̀nà Sẹkitéríàtì, Agodi. Mo ní ẹkùn ìdìbò wa kò kúkú dé Agodi, pé àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn olùdìbò wa, àti pé láti oko sí ọjà ni wọ́n ń rìn. Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó só ní mọ́ṣáláṣí. Àgbàlagbà kan ló ṣàánú mi, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká: “Ọmọ mi, olùdìbò kọ́ ni pátákó ń bá sọ̀rọ̀. Baba ló ń gba ibẹ̀ kọjá.”

Baba ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wí. Bí Baba bá gbójú sókè nínú jíìpù, tí wọ́n rí i pé ọmọ àwọn ń gbé e wò, wọ́n á tún ki ọwọ́ bọ àpò. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Gbogbo ọdún tí mo ti ń rojọ́ pé àwọn olóṣèlú kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀, àṣé wọn ò tiẹ̀ bá mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀ rárá. Ibi tí owó ti wá ni pátákó kọjú sí. Kí ló kan àgbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀? Póṣítà ni wọ́n lẹ̀ fún un ní tiẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi òru lẹ̀ ẹ́ ń fi sítáàṣì gbágùúdá ṣe lẹ́ẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ewúrẹ́ á dúró fi ẹsẹ̀ méjì ti ògiri, á máa lá ọ̀gá láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí àgbọ̀n. Mo rí èyí tó jẹ ẹ́ dé ọrùn agbádá. Nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà ní wọ́ọ̀dù náà, òun nìkan ló jẹ nínú owó ìpolongo kí ìbò tó dé.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022 kà á léèwọ̀ kí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje lo egúngún fún ìpolongo. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Egúngún wo ló tún ju èyí tó wà lójú pátákó lọ? Ẹni ọgọ́ta ọdún di ẹni márùndínlógójì. Pélé tí ìyá rẹ̀ sanwó fún olóòlà láti kọ, kọ̀ǹpútà ti pa á rẹ́. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn rẹ̀, ẹlòmíì ló kọ ọ́ fún un. Ó jáde lọ́dún ìbò, ó súre fún wa, ó padà sí ìgbàlẹ̀, ó tún di ọdún mẹ́rin ká tó gbúròó ará ọ̀run.

(Ìgbàlẹ̀ ni mo wí o, n kò wí ìgbálẹ̀.)

Ṣùgbọ́n kí n tilẹ̀ wí ti ìgbálẹ̀ náà. Àmì ẹgbẹ́ APC ni, ọ̀pọ̀ ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a dì pọ̀; òwe àgbájọ ọwọ́ gan-an ni wọ́n yà sára àsíá. Ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni wọ́n ta fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ. PDP tí àmì tiwọn jẹ́ agboòrùn, tó yẹ kó bò wá lórí, ta tiwọn ní mílíọ̀nù 40. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọ ọkọ̀, yóò fi ohun tó lé ní ọdún 277 tọ́jú owó fọ́ọ̀mù onígbálẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ kí Gáà tó joyè Baṣọ̀run l'Ọ́yọ̀ọ́ Ilé, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa parí rẹ̀ ni. Kò tíì tẹ póṣítà kan o. Òfin yẹn kan náà ní kí ẹnìkan má fi ju mílíọ̀nù 50 tọrẹ fún ìpolongo. Mílíọ̀nù kan ni òfin 2010 gbà. Ìyẹn ni pé láàárín ọdún méjìlá, ọwọ́ kan ṣoṣo sanra ní ìlọ́po àádọ́ta. Ọwọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi àgbájọ ṣe?

Ẹ má wá sọ fún mi pé nígbà àwọn baba wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1959, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, gbé hẹlikọ́pítà wá ṣe ìpolongo, wọ́n sì fi èéfín ọkọ̀ òfuurufú kọ̀wé sójú ọ̀run, káwọn tí kò mọ̀wé lè wòkè. Ní 1962 ni ìgbìmọ̀ olùwádìí Coker tú u pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ló gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé àpò ẹgbẹ́. Ìyẹn náà kúkú jẹ́ àgbájọ ọwọ́. Wọn ò kàn sọ fún àwọn tó ni ọwọ́ ni.

Ẹjọ́ wa pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló kọ́ Yorùbá ní àjọ dídá? A ń dá èésú, a ń dá owó ilé, owó òkú, owó ọdẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ìbò, ọwọ́ tó ń dá á yí padà, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sókè. “Dìbò kó o sebẹ̀” tí wọ́n ń pè lÉkìtì ní 2018, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ẹni tó gbowó ọbẹ̀ ti ta ìbéèrè tó yẹ kó bi olùdíje. Ìdí nìyẹn tí jíńgù fi dùn mọ́ wọn ju gbogbo nǹkan lọ. Àwọn àgbà pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Fóònù ti wá sọ orúkọ yẹn di irọ́, nítorí ará Mọ́níyà lè pe orí afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kó bi gómìnà léèrè ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí olùdíje lọ síbi tí wọ́n á ti dá a lóhùn? Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó san owó ìṣẹ́jú kan, kí onílù pariwo, kí olórin kì í dé orí baba ńlá rẹ̀, kó tán síbẹ̀.

Bàbá Tíṣà fẹ́ gbìyànjú ọ̀nà kejì. Ní ìpàdé onílé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó ọdẹ, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ du káńsẹ́lọ̀. Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan dá 1,000 náírà. Àwọn ò lẹ póṣítà, àwọn ò pín ìrẹsì. Ètò kan ṣoṣo lórí rédíò ni, tí gbogbo wọ́ọ̀dù á lè pè wọlé bi àwọn ní ohun tó bá wù wọ́n. A rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ fẹ́ joyè, ẹ tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa? Àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé ìrẹsì bọ̀.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo san 45,000 fún áńkárá òkú ìyá ìyàwó ẹnìkan tí n kò lè dá mọ̀ bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú títì. Mọ́kànlá la dá a níkẹyìn. 11,000 kò tó ohun tí ilé iṣẹ́ rédíò ń gbà. Bàbá Tíṣà dá ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan padà, wọ́n ní ká bọwọ́ lùwé pé a ti gbà á.

Oṣù tó kọjá, fíúsì tiransifọ́mà jó. Bàbá Tíṣà ṣí ìwé, wọ́n fa rúlà, kí ó tó di Sọ́ńdè, ilé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ti san. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ san tèmi, mo rí i pé fúlẹ́ẹ̀sì kò sí lára ọgbà mọ́. Ó wà nílẹ̀ níwájú Ìyá elélùbọ́. Ó ti tẹ́ ẹ sínú oòrùn, ó ń da èlùbọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti eyín Họnọ́rébù, ó ń tàn án lọ sí apá àtàǹpàkò.

“Ó nípọn o, Bàbá Tóbi,” ó ní. “Bí wọ́n bá tún ń bọ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n gbé èyí tó fẹ̀ jù báyìí lọ wá.”